Ibi tí Alápá-Méjì Fẹ́ Gé Bàbá Wa Sí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Ọmọ mi ní kí n yé pe ọkùnrin tó fẹ́ gé fíìmù wa yẹn lórí fóònù. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ń gbóná lọ́fun mi, kí n máa bá ìwé sọ ọ́. Ìwé kẹ̀ — èmi tí n kò jókòó ní kíláàsì rí láyé mi. Ìyàwó mi ní òun yóò máa kọ ọ́ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́. Akọ̀wé ni màá máa pè é níbí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ mi obìnrin, Ọ̀gá Kámẹ́rà, ṣe fíìmù nípa bàbá mi. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni. Èmi fúnra mi ni mo ṣe bàbá mi nínú rẹ̀, nítorí òṣèré tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá ń di ọkọ́ mú bí ẹni di ṣíbí mú. Àgbẹ̀ paraku ni bàbá mi. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń kọ ebè kò lè ṣe wọ́n, ó kàn máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Fíìmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ku ohùn díẹ̀ ní apá ìkẹyìn tí afẹ́fẹ́ bà jẹ́, tí mo ní láti tún sọ. Àfi bí ọkùnrin tó ń pín fíìmù fún àwọn ilé sinimá ṣe ní ó gùn jù. Kí a gé e sí méjì. Apá Kìn-ín-ní báyìí, Apá Kejì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Láti òní lọ, Alápá-Méjì ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi.

Ibi tó sì fẹ́ gé e sí gan-an ló ń bí mi nínú. Ọdún ọ̀dá ni. Òjò kọ̀, oko gbẹ, kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò. Bàbá mi mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ kékeré, lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní ìgboro, obìnrin aláṣọ tí kò bímọ. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n ń lọ. Ọmọ ń ké. Wọn kò bojú wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni Alápá-Méjì ní kí gbogbo rẹ̀ ti ṣókùnkùn, kí wọ́n kọ "Ó di Apá Kejì" sójú rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ dùn ún gé.

Ìdajì kejì ni bàbá mi ti padà lọ mú ọmọ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin aláṣọ yẹn dá wọn padà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láàyè, àdúgbò kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Títí di òní, wọ́n ní bàbá kò padà wá. Bí mo bá ní bàbá padà wá, wọ́n á ní, "Bàbá rẹ ni. Máa gbèjà rẹ̀ lọ." Bí àlejò ni a ṣe ń kí ara wa. Ọkàn wọn kò sì lágbára mọ́, dókítà ti ní kí wọ́n yé gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà láti wá wo fíìmù yìí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ní láti fi wẹ orúkọ bàbá mi mọ́ lójú wọn.

Oṣù mẹ́fà, ó ní. Ta ló bá ọkàn wọn ṣe àdéhùn oṣù mẹ́fà?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo pè é. Kò gbé e.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Àjà kejì. Fáànù ń yí, kò fẹ́ atẹ́gùn kankan. Àwòrán fíìmù kún ara ògiri, méjì méjì ni gbogbo wọn, Apá Kìn-ín-ní lápá ọ̀tún, Apá Kejì lápá òsì, bí ìbejì tí wọ́n fi tipátipá bí. Ó dìde fún mi. Ó fi ìnura nu àga kí n tó jókòó. Ọ̀wọ̀ ọkùnrin náà pọ̀ ju etí rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Fíìmù oníwákàtí méjì, ilé sinimá á ṣe é láàárọ̀, á ṣe é lọ́sàn-án, á tún ṣe é lálẹ́. Tiyín yìí, kí wọ́n tó ṣe é tán lẹ́ẹ̀kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá ilé lọ. Ìtọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ tí èèyàn máa wọ̀ délé ńkọ́?"

Mo ní bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí ọmọ wọn, ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ ìtọ̀.

Ó ní, "Bàbá, wọn ò jókòó sójú kan rìn ín."

Mo rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Inú tún wá bí mi sí i.

Mo ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ó ní ọ̀rọ̀ kọ́ nìyí, fíìmù ni. Mo ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ṣé o fẹ́ sọ odindi gbọ̀ngàn èèyàn di àgbà òṣìkà fún oṣù mẹ́fà ni? Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé mo ti bá a rí ohun tó ń wá. Ó ní, "Ohun tó máa mú wọn padà wá gan-an nìyẹn, Bàbá. Inú bàbá yín á máa bí wọn. Ẹni tí inú ń bí, kì í gbàgbé àtiwá wo Apá Kejì."

Ó sìn mí dé ìsàlẹ̀. Ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú lórí àtẹ̀gùn. Ì bá sàn kó bú mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ro ẹjọ́ mi fún onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe. Mo rò pé yóò gbè mí. Ó ní kí wọ́n gé e. Ọmọ mi ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ hàn án rí. Ó ní ìgbà tí òun sùn lọ, mò ń kọ ebè. Ìgbà tí òun jí, mo ṣì ń kọ ebè. "Ilẹ̀ oko yín yẹn fẹ̀ ju àánú mi lọ."

Oníbàárà kan wà lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ ti dán, ìdajì ṣì kún. Òun náà dá sí i. Ó ní òun fẹ́ràn fíìmù alápá méjì, pé ó máa ń fún òun ní nǹkan tí òun yóò máa rò. Mo sọ fún onígbàjámọ̀ pé kó ṣíwọ́ níbi tó bá orí ọkùnrin yẹn dé, kó padà wá lóṣù mẹ́fà, kó rí nǹkan rò dáadáa. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ ní bí orí rẹ̀ bá tóbi tó fíìmù mi, òun yóò kúkú ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yí padà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Kámẹ́rà wá. Ojú rẹ̀ ti jìn. Ọdún méjì ló fi to fíìmù náà pọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé iṣu sí ebu? Iṣu kan, ebu mẹ́rin, gbogbo wọn á hù." Mo ní ebu kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní èèpo lára, èyí tí kò bá ní èèpo, jíjẹrà ni. Ó ní Apá Kìn-ín-ní ní èèpo tirẹ̀, pé ẹni tó bá wo òun nìkan yóò rí ìtàn tó délẹ̀. Mo ní ìtàn ta ni?

Ó wá sọ èyí tí kò fẹ́ sọ. Bí wọn kò bá pín in sí méjì, Alápá-Méjì fẹ́ kí ó yọ wákàtí méjì dànù. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí bàbá mi lọ yóò di ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní, "Mo yàn kí wọ́n pín in ju kí wọ́n pa á lára lọ."

Mo lọ pa iná balùwẹ̀. Kò sí ẹni tó tàn án tẹ́lẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Òní ló yẹ kí n lọ sọ ohùn náà. N kò lọ.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n ya ibi ilẹ̀kùn obìnrin aláṣọ, afẹ́fẹ́ ń jà, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò sì ń bú. Àwòrán dára, ohùn bàjẹ́. Mo ní láti wọ yàrá kan, kí n máa wo ara mi, kí n tún ọ̀rọ̀ sọ síbẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, kò sí ìdajì kejì. Ó dáa. Kí Alápá-Méjì gbé ìdajì kan ṣoṣo kiri.

Ọ̀gá Kámẹ́rà ní, "Bàbá, èmi lẹ ń bá jà yìí, ẹ ò bá a jà." Ó mú báàgì rẹ̀. Kò fi ariwo ti ilẹ̀kùn. Ó fà á jẹ́jẹ́, ìyẹn ló dùn mí.

Olórí kunkun ni ọkọ mi. — Akọ̀wé ló fi ìyẹn sí i, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀gá Kámẹ́rà kò pè lónìí náà.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Alápá-Méjì kò dúró dè mí. Ó ṣe Apá Kìn-ín-ní lónìí ní gbọ̀ngàn sinimá, ó pe àwọn èèyàn láti wá dán an wò. Ó sì fi ìwé pe Ẹ̀gbọ́n. Mo sáré lọ sílé wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ, pé kò tíì pé. Wọ́n ní, "Mo ti wọ bàtà."

A jókòó níwájú. Iná kú. Ojú mi yọ lára ògiri, ó tóbi ju ilé lọ. Èmi náà fẹ́ sá. Oko, oòrùn, ilẹ̀ tó là. Mo ń wo Ẹ̀gbọ́n ju bí mo ṣe ń wo fíìmù lọ. Wọ́n di ọwọ́ àga mú láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò tú u sílẹ̀. Bàbá mi ń di ẹrù ọmọ. Bàbá mi ń rìn lọ́nà, ọmọ ń tẹ̀ lé wọn. Ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ń ké. Ẹ̀yìn bàbá mi, ẹ̀yìn mi, ń kéré lọ, ń kéré lọ. Ó dúdú. Ó di Apá Kejì.

Àwọn èèyàn hó. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Irú bàbá wo nìyí? Ọlọ́run á bi í." Mo yíjú padà. Ó rí ojú mi. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó rí olè.

Mo fẹ́ dìde kí n sọ fún gbogbo wọn pé ó kù. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀gbọ́n tí kò fọwọ́ kàn mí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní oko. Omijé ń dà lójú wọn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "O ṣeun, àbúrò mi. O sọ òótọ́ níkẹyìn."

Mo bá wọn gbé báàgì wọn. Mo sìn wọ́n délé.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kí n tó bọ́jú ni Ẹ̀gbọ́n ti pè. Wọn kì í pè mí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù bí ọmọbìnrin. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ilé tó yí wọn ká pé àbúrò wọn ló ṣe fíìmù náà. "Mo sọ fún wọn pé ó fi bàbá wa hàn bó ṣe rí." Wọ́n ní kí n wá jẹun lọ́jọ́rú.

Akọ̀wé ní ẹ̀rín wọn dùn létí. Mo mọ̀ pé ó dùn. Ohun tó ń pa mí nìyẹn.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ. Ẹ̀gbọ́n fi mí sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àga tiwọn fúnra wọn. Wọ́n fi aṣọ bo tábìlì. Wọ́n ní mo ti rù, wọ́n tún bu oúnjẹ sí i láìbi mí. Wọ́n bi mí nípa eegun orúnkún mi. Wọ́n rántí pé mo máa ń sùn pẹ̀lú ìka lẹ́nu. "Títí o fi ń gbé ọkọ́. Ojú á tì mí láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi." Mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní ta ló gbé mi pọ̀n nígbà náà, àwọn àbí èmi?

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n béèrè, "Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fi sí Apá Kejì?"

Mo ní nǹkan díẹ̀ ni.

Wọ́n ní, "Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti parí."

Mo bẹnu àtẹ́ lu Alápá-Méjì ní gbogbo ìgboro yìí nítorí pé ó dákẹ́ ní ìdajì. Mo jẹ oúnjẹ Ẹ̀gbọ́n mi tán, mo dákẹ́ ní ìdajì, mo relé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀gá Kámẹ́rà wá, a ti ń sọ̀rọ̀ padà. Inú rere ló fi wá. Ó ní òun lè gbé kọ̀ǹpútà òun lọ sílé Ẹ̀gbọ́n, kí òun fi ìdajì kejì hàn wọ́n láìní ohùn, kí èmi jókòó tì wọ́n, kí n máa sọ ọ́. Wọn kò ní dúró de oṣù mẹ́fà kankan.

Mo ní rárá.

Ó wò mí. "Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má pín in?"

Èmi ni.

"Ṣé kì í ṣe nítorí Ẹ̀gbọ́n náà ni?"

Nítorí wọn ni.

"Kí ló wá dé?"

Mo ní tíì mi ti tutù. Ó lọ gbé e kaná. Nígbà tó padà dé, mo sọ fún un. Láti kékeré ni mo ti pàdánù ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Bí wọ́n bá wo ìdajì kejì, wọ́n á ní mo tún ń gbèjà bàbá mi, wọ́n á padà sí "báwo ni, ṣé dáadáa ni" tí a ń kí ara wa tẹ́lẹ̀. Bí wọn kò bá wò ó, bàbá mi yóò máa kẹ̀yìn sí ọmọ wọn nínú òkùnkùn títí láé, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n sì fi rìn.

Ó ní, "Ẹ mú ọ̀kan."

Ó rọrùn fún un. Kì í ṣe bàbá tirẹ̀ ni. — Akọ̀wé ní kí n rántí bàbá ẹni tí mò ń sọ. Ó dáa, bàbá bàbá rẹ̀ ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Alápá-Méjì ló pè fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ní gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn kò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ń pè é, wọ́n ń bi í pé ṣé bàbá yẹn padà wá mú ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan tilẹ̀ bá a dé ọ́fíìsì, ó ní òun kò rí oorun sùn, kó kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún òun, òun á máa lọ. Àwọn onílé sinimá náà ti bẹ̀rù. Wọ́n ní àwọn á gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ìsinmi díẹ̀ bá wà láàárín.

"Nítorí ìtọ̀," ló ní. "Ẹ ti borí, Bàbá. A ò pín in mọ́. A ò sì ní yọ nǹkan kan dànù. Ó ku ohùn yín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdúpẹ́ ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo borí. Oúnjẹ kò lọ.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo lọ sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Mo dúró, n kò jókòó, kí n má bàa rí ìdí láti pẹ́. Mo ní ó kù. Mo ní nínú èyí tó kù, bàbá padà wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, obìnrin aláṣọ tilẹ̀kùn mọ́ wọn, èmi yóò sì sọ ọ̀rọ̀ bàbá síbẹ̀ lọ́jọ́rú. Mo ní bí inú wọn bá fẹ́ bí, kó bí.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Wọn kò pariwo. Wọ́n ń ká aṣọ lórí itan wọn. Wọ́n ká èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n mú òmíràn.

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tí ó sọ lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo ní èmi ni mo sọ ọ́ fún ọmọ mi.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

Mo ní bàbá mú mi dání lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní kí n jókòó sábẹ́ igi ní òdìkejì títì, kí n máa ṣọ́ ẹrù.

"Nígbà náà, o ò gbọ́ nǹkan kan."

N kò gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi.

Wọ́n ní, "Ní aago mélòó lọ́jọ́rú? Mo ń bọ̀."


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Akọ̀wé, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má tún un ṣe.

Yàrá kékeré ni, fóòmù ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri rẹ̀. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í lọ síbì kankan, àyà rẹ̀ ló ń padà sí. Wọ́n fi gbohùngbohùn síwájú mi, wọ́n fi nǹkan tí a fi ń gbọ́ ohùn bò mí létí. Dígí wà níwájú. Lẹ́yìn dígí ni ọkùnrin tó ń gba ohùn jókòó sí, onírùngbọ̀n kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá Kámẹ́rà wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà lápá òsì, wọ́n wọ aṣọ òde wọn, wọ́n gbé báàgì sórí itan.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn bàbá mi níwájú ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Kámẹ́rà gbé kámẹ́rà sí ibi tí mo jókòó sí lábẹ́ igi, nítorí náà ẹnu wọn kò hàn, ẹ̀yìn nìkan. Mo kígbe. "Ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ fún mi lọ́mọ mi. Bí ilẹ̀ ò bá là, mi ò ní kúrò níbí." Mo fi gbogbo èémí mi sí i. Onírùngbọ̀n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ó dára. Mo ní ó lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún kígbe títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ń ta.

Mo rí i lẹ́yìn dígí tí Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, tí wọ́n fọwọ́ kan èjìká onírùngbọ̀n. Ó tẹ nǹkan kan fún wọn. Ohùn wọn bọ́ sí mi létí, ó sún mọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń pọ̀n mí.

"Wọn ò pariwo."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ?"

"Mo ní wọn ò pariwo. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni tó ń tọrọ omi. Wọ́n ní, 'Ẹ bá mi bi í léèrè, bóyá ó fẹ́ ká máa lọ sílé.'"

Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì orí itan wọn sílẹ̀.

"Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Obìnrin aláṣọ yíjú sí mi, ó bi mí bí wọ́n ṣe ní kó bi mí. Mo mi orí pé rárá."

Mo béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bi mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mi orí. Ilé yẹn ní iná mànàmáná. Mo ní bàtà." Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. "Mo rò pé wọ́n tún máa wá lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá wá lẹ́ẹ̀kẹrin, màá bá wọn lọ. Wọn ò wá mọ́."

Èmi tí mo sọ obìnrin aláṣọ yẹn di ìkà lójú gbogbo ayé. Mo mú kó gbá ilẹ̀kùn mọ́ bàbá mi lójú ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ tí ọmọ rán an ló ń jẹ́.

Ọ̀gá Kámẹ́rà ti fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀gbọ́n ní, "Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́." Mo sọ ọ́. Wọ́n ní ó ṣì le, kí n rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo tún un sọ. Wọ́n ní kí n má fi àánú sí i, bàbá kò fi àánú sí i, wọ́n kàn béèrè ni. Mo tún un sọ.

Wọ́n ní, "Àwọn nìyẹn."

Onírùngbọ̀n ní òun ti gbà á.

Mo mú Ẹ̀gbọ́n délé. Wọ́n fi ọwọ́ wọn kọ́ mi lápá láti ibi ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n má wọlé lónìí. Wọ́n ní kí n wá lọ́la.

Ìgbà tí mo délé ni Alápá-Méjì pè. Ó béèrè bóyá ohùn ti parí, kí òun lè sọ fún àwọn onílé sinimá. Mo ní ohùn parí, ṣùgbọ́n inú ilé ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a kò tíì ya ibẹ̀ rárá. Ọ̀gá Kámẹ́rà ní a ní láti yà á.

Ó ní, "Ó tún máa gùn sí i ni, Bàbá?"

Mo ní ó máa gùn sí i.

Mo gbọ́ fáànù rẹ̀ tó ń yí. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa gbà ká pín in báyìí?"

Mo ní kó ní sùúrù. Mo ní màá bi Ẹ̀gbọ́n mi.